Èèkàn Kẹta Ní Agboolé Màmá Felicia

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ẹnu ọ̀nà ni Màmá Felicia máa ń jókòó sí ní agboolé wọn ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Yàrá mẹ́rìnlá ló yí àgbàlá náà ká nígbà kan. Ó ku mẹ́ta. Koríko ti gba ibi tó kù.

"Ó ń wù mí kí n gbóhùn ènìyàn," ló máa ń wí. Àárò àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ ọ́ gan-an.

Àfi bí Dàpọ̀, àkọ́bí rẹ̀, ṣe dé láti Ìbàdàn lọ́jọ́ kan. Ó ní òun àti àwọn àbúrò òun, Bọ́láwálé àti Abigail, fẹ́ padà wálé. Wọ́n á kọ́lé kéékèèké sórí ahoro náà, kí oníkálukú ní tirẹ̀, kí kànga àti àgbàlá jẹ́ ti gbogbo wọn. Inú ìyá dùn débi pé ó gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná.

"Ọ̀la ni kí ẹ gbẹ́ ìpìlẹ̀!"

Olórí ẹbí dé, ó gbàdúrà, ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, ó kan èèkàn ilé mẹ́ta. Ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́yìn yàrá Màmá ló kan ẹ̀kẹta, ti Bọ́láwálé, sí. Ó ní kò sẹ́ni tó ń gbabẹ̀ mọ́.

Nírọ̀lẹ́, Fadékẹ́mi, ọmọ àbúrò Màmá, wá kí wọn. Ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé ló ti ń ṣiṣẹ́.

"Bọ̀dá Dàpọ̀, ṣé ẹ ti mú àwòrán yín wá sọ́dọ̀ wa?"

"Àwòrán kí ni?" Màmá dá a lóhùn. "Ulé bàbá wọn ni! Ogún ọdún ni mo ti ń dúró, o tún fẹ́ fi ìwé dá wọn dúró?"

Fadékẹ́mi kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Bí òjò bá rọ̀, kí ló ń gba ìdí èèkàn kẹta yẹn?"

Màmá yíjú wo èèkàn náà. "Àgbàrá òkè ni."

"Bí ilé bá dí i, yàrá yín ló máa wọ̀. Ìjọba sì lè wó ilé tí kò níwèé. Níbo làwọn ọmọ yín máa wá sùn?"

"Ṣé ó máa pẹ́?"

"Ó lè pẹ́ díẹ̀, Màmá. Mi ò ní purọ́ fún yín."

Omi bọ́ lójú Màmá. Ó dìde, ó fa èèkàn kẹta tu fúnra rẹ̀.

"Ẹ lọ gba ìwé náà. Kí wọ́n kọ́ ti Bọ́láwálé lé orí ulé Dàpọ̀, kó di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìdúró ò ṣàjèjì sí mi."

Ẹ̀yin ará wa, ilẹ̀ tó ṣófo nínú agboolé dára fún ilé kíkọ́. Kò dìgbà tí a bá lọ gé igbó. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ẹbí kọ àdéhùn sílẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ẹ pe awọnlẹ̀ tó níwèé àṣẹ. Ẹ gba ìwé ìyọ̀ǹda kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ má sì kọ́lé sójú àgbàrá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó ń wù yín kó wálé, ẹ jẹ́ kó wá bá ilé tí kò ní wó lé e lórí.