Ta Ló Ni Ọwọ́ Yìí?

Ní ọjọ́ Ajé, Mi-ò-gbà ya nǹkan kún àwòrán tí Nọ́ọ̀sì lẹ̀ sílé ìwé wọn, kò sì bẹ̀bẹ̀.

Mi-ò-gbà kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹnu ara rẹ̀ ló ti wá.

"Wá sùn!"
"Mi ò gbà!"
"Wọ bàtà ẹ!"
"Mi ò gbà!"

Ó ní àbúrò kan. Ikùn rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀, ni wọ́n bá ń pè é ní Rọ̀bọ̀tọ̀.

Inú ń run Rọ̀bọ̀tọ̀. Kùrù, kùrù, kùrù! Ó sáré lọ sí ilé ìgbẹ́. Ó padà. Kùrù, kùrù! Ó tún sáré lọ.

Rọ̀bọ̀tọ̀ kò rí rọ̀bọ̀tọ̀ mọ́.

"Ọwọ́ ìdọ̀tí ló fà á," ni Màmá wí. "Ṣé o ń fọwọ́ nílé ìwé?"

Rọ̀bọ̀tọ̀ kó ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn.

Nílé ìwé, ẹ̀rọ omi wà lẹ́yìn yàrá wọn. Ọṣẹ wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti lẹ àwòrán ńlá kan mọ́ ògiri, lókè ẹ̀rọ náà.

Ọwọ́ méjì ló wà nínú àwòrán. Ọwọ́ méjì, ọṣẹ àti ìhó. Kò sí apá. Kò sí orí. Kò sí ẹnì kankan.

Rọ̀bọ̀tọ̀ fò sẹ́yìn. "Yéè! Wọ́n ti gé ọwọ́ ẹni yẹn!"

"Ta ló gé e?" ni ọmọ kan bèèrè.

"Ọṣẹ yẹn ni! Ọṣẹ yẹn ló jẹ ẹ́!"

Gìrì, gìrì, gìrì! Gbogbo ọmọ kéékèèké sá lọ.

"Ṣé ẹ ò wá ní fọwọ́ mọ́ ni?" ni Mi-ò-gbà wí. "Kí Rọ̀bọ̀tọ̀ máa rù lọ? Mi ò gbà!"

Ó gun àga. Ó yọ kíréyọ̀nù dúdú kan ṣoṣo tó ní.

Ríì, ríì, ríì! Ó ya apá. Ó ya ikùn. Ó ya ẹsẹ̀. Ríì, ríì, ríì! Ó ya irun tó pọ̀ bí igbó. Ó ya ẹnu gbàgàdà.

Kò, kò, kò! Bàtà Nọ́ọ̀sì nìyẹn.

"Ta ló ba àwòrán mi jẹ́?"

Mi-ò-gbà sọ̀ kalẹ̀ lórí àga.

"Èmi ni, mà."

"Nù ún kúrò!"

"Mi ò gbà, mà."

"O ní kí ni?"

"Ọwọ́ yẹn ò lẹ́ni, mà. Ó ń bà wọ́n lẹ́rù. Mo ti fún un lẹ́ni."

Nọ́ọ̀sì wo àwòrán náà títí. "Ta wá ni eléyìí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi? Ṣé báyìí lẹnu mi ṣe tóbi tó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Rọ̀bọ̀tọ̀ yọjú. "Ṣé ọṣẹ ò jẹ ọwọ́ yín, mà?"

Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó fì wọ́n, fìrì, fìrì. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ tóbi lóòótọ́!

Rọ̀bọ̀tọ̀ na ọwọ́ tirẹ̀ sábẹ́ omi. Ṣàà! Ó mú ọṣẹ. Ọṣẹ ò jẹ ẹ́. Àwọn yòókù tò sẹ́yìn rẹ̀. Ṣàà, ṣàà, ṣàà!

Nígbà tó yá, inú Rọ̀bọ̀tọ̀ dákẹ́. Ikùn rẹ̀ tún padà rí rọ̀bọ̀tọ̀.

"Ó ku àwọn ilé ìwé yòókù," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ọwọ́ inú àwòrán tiwọn náà ò lẹ́ni."

Ríì, ríì, ríì! Mi-ò-gbà ya gbogbo wọn. Kíréyọ̀nù dúdú kúrú. Ó tún kúrú sí i. Ó tán. Pupa nìkan ló kù sí i lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tí Mi-ò-gbà bá yà, irun pupa fòò ni.

"Irun èèyàn kì í pupa báyìí!" ni àwọn ọmọ ń wí.

"Mi ò gbà," ni Mi-ò-gbà wí. "Ẹ lọ fọwọ́ yín."