Téèpù Ohùn Màmá

"Ó wọ̀ ọ́! Ṣé ẹ rí i pé ó wọ̀ ọ́?" Duane, ọmọkùnrin aládùúgbò Lorna, gbé orí pílọ́ọ̀gì tó rà ní ìsọ̀ àwọn ará Jámánì sókè, ó ti fi bọ ẹnu wáyà ẹ̀rọ téèpù ilé Lorna.

Lorna Tibbets, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ń jẹ èékánná. Kò ju oṣù kan lọ tí òun àti bàbá rẹ̀ ti Ohio ní Amẹ́ríkà dé bárékè àwọn sójà Amẹ́ríkà ní Jámánì, níbi tí agbára iná ti jẹ́ ìlọ́po méjì tilé. Ìdílé tó bá ń padà sílé ló máa ń ta tiransifọ́mà, àpótí irin tí ń dín agbára iná kù, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ti ìdílé Hobart, tí yóò padà sílé ní Sátidé, ni wọ́n ń retí.

"Dádì ní kí n dúró di Sátidé."

"Dádì ní, Dádì ní! Ọmọ ọmú!" Àwọn ọmọbìnrin méjì tó bá Duane wá bú sẹ́rìn-ín. "Orin la wá gbọ́ o, a ò wá gbọ́ Dádì."

Téèpù tó wà lórí ẹ̀rọ náà kì í ṣe orin. Ohùn màmá Lorna ni, ẹni tí jẹjẹrẹ pa lọ́dún tó kọjá: ó ń fi ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí irú rẹ̀ mìíràn láyé. Lorna fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, ojú tì í.

Lorna ki pílọ́ọ̀gì bọ ihò iná ara ògiri.

Ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀gì nìkan ni orí tuntun náà yí padà, kò yí iná padà. Ẹ̀rọ náà kùn bí agbọ́n, òórùn rọ́bà jíjó gba yàrá, iná sì yọ lábẹ́ téèpù. Kí Lorna tó fa wáyà yọ, téèpù ti ká kò bí ewé gbígbẹ.

"Èmi kọ́ ni mo ki pílọ́ọ̀gì bọ ògiri o!" Duane ti dé ìdí àtẹ̀gùn.

Nígbà tí Sajẹnti Tibbets wọlé, ó dúró, kò bọ́ fìlà.

"Ta ni?"

"Èmi ni, Dádì."

"Ó jó tán?"

"Ó jó tán, sà."

Kò nà án, kò bú u. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eérú náà. "Mo ti ń gbàgbé bí màmá rẹ ṣe máa ń pè mí," ló wí. "Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ka ọjọ́ dé Sátidé."



Ẹ̀yin ọmọ mi, gbólóhùn kan ṣoṣo, "Màmá mi ló wà níbẹ̀", ì bá pa ẹ̀rín mọ́ wọn lẹ́nu. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ojú ń tì láti sọ pé rárá yóò jẹ àbámọ̀, àwọn tó ti í sí i kò sì ní bá a jẹ ẹ́.