Òórùn Ọ̀dà Nínú Ọgbà Ìgbafẹ́

Ọmọbìnrin náà ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ nígbà tí akunlé kọ́kọ́ rí i. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń sọ fún un pé, “Àtẹ̀gùn rèé, Baba. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè. Ó ti tán.” Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lójú rẹ̀. Akunlé gbàgbé búrọ́ọ̀ṣì sọ́wọ́. Ó gbàgbé pẹ̀lú pé òun kò tíì gbé ìkìlọ̀ kankan sórí bẹ́ńṣì tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.

“Ẹ má jókòó o!”

“Mo ti jókòó,” ni Baba wí. “Kí ló dé?”

Ọmọ rẹ̀ wo ẹ̀yìn ṣòkòtò funfun náà. Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa á. “Ọ̀dà ni, Baba.”

Baba kò rẹ́rìn-ín. “Sọ fún un pé ojú mi ni kò ríran. Ìdí mi ṣì mọ ohun tó tutù.”

Aránṣọ ni ọmọbìnrin yìí. Awakọ̀ ni bàbá rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó lọ. Baba ní inú ọkọ̀ lòun ti ń wo ìlú yìí láti ìgbà èwe òun, òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n báyìí. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́, aránṣọ á pa ẹ̀rọ rẹ̀ tì, àwọn méjèèjì á máa rìn láti ọgbà ìgbafẹ́ kan dé òmíràn: èyí tó yí adágún omi ká, èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé, èyí tí àwọn ọmọdé ti ń ṣe jáńgílófà.

Ìjọba ìbílẹ̀ ti ní kí akunlé tún gbogbo bẹ́ńṣì inú àwọn ọgbà náà kùn. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé ibi tí akunlé bá gbé ọ̀dà lọ, ibẹ̀ ni aránṣọ máa ń mú bàbá rẹ̀ gbà. Á fi Baba sábẹ́ igi, á ní òun fẹ́ lọ wo òdòdó.

“Òdòdó rẹ dé,” ni akunlé á wí.

“Òdòdó tó ń rùn bí kẹrosíìnì!”

Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn púpọ̀ láàárín wọn. Akunlé máa ń gbé omi tútù pa mọ́ dè é. Aránṣọ máa ń fi èékánná ha ọ̀dà kúrò ní ìka akunlé. Ìfẹ́ náà nìyẹn, ó sì tó wọn.

“Ìgbà wo lo máa sọ fún Baba?”

“Mà á sọ.”

“O ti ń wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ṣé mò ń tì ọ́ lójú ni?”

“Rárá, olólùfẹ́ mi. Èmi ni ojú rẹ̀. Bí mo bá ní mò ń lọ sílé ọkọ, ohun tó máa gbọ́ ni pé mo fẹ́ fi òun sílẹ̀ nínú òkùnkùn.”

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, bí wọ́n ṣe wọ ọgbà ẹ̀yìn ilé ìkàwé, Baba dúró gbọn-in.

“Ọ̀dà,” ni ó wí.

“Ẹ̀n, Baba?”

“Gbogbo ọgbà tí o mú mi dé ló ń rùn bí ọ̀dà. Ṣé o rò pé imú mi náà ti lọ ni? Mo ti ń retí kí o sọ fún mi. Mo rò pé ìrìn tèmi là ń rìn. Àṣé o kàn ń fi mí bojú ni.”

Láti ọjọ́ náà, Baba kò jáde mọ́. Ó jókòó sínú yàrá, ó kọjú sí ògiri. Bí ọmọ rẹ̀ bá gbé oúnjẹ wá, á ní, “Ẹ ṣeun,” bí ẹni ń dá àlejò lóhùn. Èyí ló pa aránṣọ lára jù. Ó lọ bá akunlé, ó ní kí ó má retí òun mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, akunlé wá kan ilẹ̀kùn.

“Ẹ káàsán, Baba.”

“Mo ti gbóòórùn rẹ láti ìsàlẹ̀. Kí lo fẹ́?”

“Ọmọ yín ni mo fẹ́ fẹ́.”

Baba dìde. “Mú mi jáde ná. Àwa méjì péré. Ìwọ ọmọ yìí, jókòó sílé.”

Aránṣọ kò jókòó. Ó ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn lókèèrè, ó sì ń wo àṣìṣe tí akunlé ń ṣe: ó gbá Baba lápá mú, ó ń wọ́ ọ lọ. Nígbà tí wọ́n dé àárín títì ńlá, Baba dúró. Fèrè ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

“Baba, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ ń bọ̀!”

“Mo gbọ́ ọ. Ṣé àpò sìmẹ́ńtì ni mí tí o fi ń wọ́ mi?”

Aránṣọ fi ọwọ́ bo ẹnu. Akunlé fi apá Baba sílẹ̀. “Ìgúnpá mi rèé, Baba. Ẹ̀yin ni kí ẹ dì mí mú.”

Baba fọwọ́ wá a, ó dì í mú. Wọ́n kọjá.

Nínú ọgbà, aránṣọ sá sẹ́yìn igi kan. Akunlé bojú wẹ̀yìn, ó rí i. Kíá ni aránṣọ gbé ìka sẹ́nu, ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Bí Baba bá gbọ́ pé ọmọ òun tún tan òun, ó parí.

“Akunlé,” ni Baba pè é, “ṣé àwa méjì náà la wà níbí?”

Òógùn bo akunlé. Ó wo aránṣọ, ó wo Baba.

“Rárá, Baba. Ọmọ yín wà lẹ́yìn igi. Ó ní kí n má sọ.”

Aránṣọ di ojú.

Èjìká Baba bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni.

“Jáde wá, ìwọ ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Mo ti ń gbọ́ bàtà rẹ láti ojú títì. Ká ní ó bá ọ purọ́ fún mi ni, ǹ bá ti lé e lọ.” Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. “Pé o fẹ́ lọ́kọ kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé o rò pé n kò lè mọ̀.”

Aránṣọ kúnlẹ̀. “Ẹ forí jì mí, Baba.”

“Dìde. Mi ò ní bá yín gbé o, mi ò fẹ́ ariwo. Ẹ gba yàrá sítòsí mi, kí ẹnì kan nínú yín sì máa wá mú mi rìn.”

Akunlé fọwọ́ nu òógùn, ó kọjú sí aránṣọ. “Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kó dùn. Ṣé wà á fẹ́ mi?”

“Lẹ́yìn tí o tú àṣírí mi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Mà á fẹ́ ọ.”

“Ẹ ṣe kíá,” ni Baba wí. “Ẹsẹ̀ ń dùn mí.”

Baba di ìgúnpá akunlé mú, wọ́n ṣíwájú. Ọwọ́ aránṣọ méjèèjì ṣófo, kò mọ ibi tí yóò kó wọn sí. Ó wá sáré yí sí òdìkejì, ó sì di ọwọ́ akunlé kejì mú.