Ta Ló Mú Àwo Jáàsì Alàájì Bùsàrí?

Páálí wà níbẹ̀, àwo orin jáàsì kò sí nínú rẹ̀. Alàájì Bùsàrí mi páálí náà, ó tún un mì.

"Hámzàt ló jí i," ó ní. "Òun ló wá tún ẹ̀rọ tí mo fi ń gbọ́ àwo ṣe láàárọ̀. Ẹ tì í mọ́lé."

Safurat, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ láti Ìkàrẹ́, kò tíì jókòó. Ọ̀gá rẹ̀ ti fi í ṣẹ̀sín kó tó gbéra wá sí Ọ̀kà pé nítorí àwo orin? Ṣùgbọ́n bí Hámzàt bá fi lè gba orúkọ olè, ta ni yóò tún gbé rédíò fún un tún ṣe ní gbogbo Àkókó? Safurat ti pinnu pé ẹnu Alàájì nìkan kò tó ti ènìyàn mọ́lé.

Ó wo ibi tí wọ́n to àwo sí. Gbogbo wọn ló dúró lóòró. Alàájì ní bí àwo bá sùn, ooru á ká a. Páálí kejì wà níbẹ̀ tó jọ ti àkọ́kọ́ bí ìbejì.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní méjì?"

"Ìyẹn ti gbó. Èyí tí wọ́n jí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un tẹ̀ lókè òkun ni. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara."

"Báwo lẹ ṣe ń dá wọn mọ̀?"

"Tuntun wúwo jù. Àfi kéèyàn gbé e wò."

"Ta ló wà nílé?"

"Hámzàt, àti Limota ìyàwó ọmọ mi. Ràfíátù ìyàwó mi náà wà, ṣùgbọ́n ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ogójì ọdún, mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kan àwo rí. Kí ló mọ̀ níbẹ̀?"

Wọ́n ní olè ló mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta. Safurat kì í ṣe olè, ọwọ́ ènìyàn ló máa ń wò. Ẹni tó mú tuntun, tó fi èyí tó gbó sílẹ̀, ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àwo. Ó yọ àwo àtijọ́ jáde, ó sì pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ bá mi dì í mú."

Limota tẹ àtàǹpàkò mọ́ ojú àwo. "Mi ò mọ nǹkan kan, àǹtí."

Hámzàt fi etí ẹ̀wù nù ún gírígírí.

"O ti họ ọ́!" Alàájì ké.

"Ẹ̀rọ ni mo mọ̀, Alàájì. Mi ò mọ àwo."

Ràfíátù wọlé láti ilé ìdáná, ó ń kùn. "Kí ni mo fẹ́ fi nǹkan dúdú yìí ṣe?"

Safurat nà án sí i. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni Ràfíátù fi gbà á, létí-létí. Ìka rẹ̀ kankan kò kan ojú àwo. Ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó fi ẹnu fẹ́ eruku rẹ̀ dànù.

"Màmá, ta ló kọ́ yín?"

Ràfíátù wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Alàájì ni. Mo ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ti lọ kírun Jímọ̀, èmi náà á gbé e sórí ẹ̀rọ. Ó wà nínú àpótí mi, láàárín aṣọ. Mo fi í dúró lóòró."

"Ẹ fẹ́ jẹ́ kí wọ́n ti Hámzàt mọ́lé?"

"Mò ń dúró kí Alàájì bi mí ni. Wọ́n bi Hámzàt, wọ́n bi Limota. Èmi nìkan ni wọn ò bi. Hámzàt, má bínú, ìwọ ni mo ṣẹ̀." Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ogójì ọdún ni mo fi gbọ́ orin yín láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Mo mú un kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe ń dunni."

"Alàájì, ẹ̀sùn wo lẹ fẹ́ fi kan màmá?" Safurat bi í.

Ràfíátù gbé àwo tuntun wá, ó gbé e sórí ẹ̀rọ. Alàájì na ọwọ́ sí i.

"Ẹ lọ jókòó sí ilé ìdáná," Ràfíátù ní. "Ó ń dún débẹ̀ dáadáa."

Alàájì wo Safurat pé kó gba òun. Safurat lọ ṣílẹ̀kùn ilé ìdáná fún un.