Ojú Hajarat Láàárín Igbá

Ẹ gbọ́, ọmọ mi Hajarat ló kọ́kọ́ bú Israfil. Ní ọ́fíìsì wọn ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni. Ọmọkùnrin náà ti Ọ̀yọ́ wá, ó gbé iṣẹ́ tó fi Páítọ̀n, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ dé: ibi tí àwọn tó ń ta igbá fínfín l'Ọ́yọ̀ọ́ á máa gbé fọ́tò ọjà wọn sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ Hajarat ni kó dán an wò.

"Ẹ ní fọ́tò nìkan ló ń gbà," ni Hajarat wí. "Mo gbé orin sí i, ó gbé e mì. Ṣé orin lẹ fẹ́ máa tà ni?"

Israfil bú sẹ́rìn-ín. "Màá tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ya fọ́tò yín, kí n máa fi dán an wò."

Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ẹyẹ ẹ̀gà. Ìfẹ́ wọ ọmọ mi lára. Israfil ò sọ nǹkan kan! Iṣẹ́ ṣáá, iṣẹ́ ṣáá. Kabir, ọmọ ọ̀rẹ́ mi ní Ìrẹsà, wá ní ẹbí òun ń bọ̀ wá tọrọ Hajarat ní Sọ́ńdè.

Mo ní, "Hajarat, ẹni tí ò la ẹnu, ṣé a ó máa dúró dè é ni?" Ó sunkún. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ wá wo nǹkan. Bí Israfil bá ti tún iṣẹ́ yẹn ṣe, kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ á gbé fọ́tò kan sí i, kó lè mọ̀ pé ó ń gbà á. Ó yẹ kí Israfil ya ibi ìdánwò sọ́tọ̀. Ó gbàgbé! Ibi tí gbogbo ayé ti ń rajà ló ń kó o sí.

Ìyá ẹ̀, tó ń ta igbá, ṣí ọjà náà lórí fóònù láàárọ̀ Sátidé. Igbá kan, ojú Hajarat. Igbá kan, ojú Hajarat.

"Israfil! Ọmọ ta lo ń tà láàárín igbá mi?"

"Màmá, ìdánwò ni o."

"Nínú gbogbo fọ́tò ayé, tiẹ̀ nìkan lo rí? O nífẹ̀ẹ́ ẹ!"

Ó ní ọmọ Alájì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ìyá ẹ̀ ti mú ìborùn. "Ó yá, gbé mi lọ Ògbómọ̀ṣọ́."

Màmá yìí ò tíì jókòó nílé mi tó fi ní, "Alájì, ojú ọmọ yín ti bo igbá mi o!" Israfil dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Mo ní, "Ẹnu tìẹ ńkọ́?"

"Bàbá, ọjọ́ tá a pàdé ló ti kọ iṣẹ́ mi. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ kọ èmi náà. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, ẹ dákun."

Hajarat yọrí láti kíṣínnì. "Iṣẹ́ yẹn ni ò dáa. Ìwọ dáa, olólùfẹ́ mi."

Mo pe bàbá Kabir, mo bẹ̀ ẹ́. Ó kùn díẹ̀, ó gbà. Lẹ́yìn Iléyá la ṣe nìkáà, a so wọ́n pọ̀.

Israfil ti pa àwọn fọ́tò yẹn rẹ́, àfi ọ̀kan tí ìyá ẹ̀ ò jẹ́ kó pa. Àwọn oníbàárà ṣì máa ń pè é: "Màmá, èló nìyẹn?"

"Ìyẹn? Ọmọ mi ti gbé e lọ!"