Opó Tó Ń Kọ́ni Ní Òdòdó Yíyà

Obìnrin náà jókòó ti fèrèsé ilé ìkàwé, ó tẹjú mọ́ òdòdó pupa kan nínú ife omi, àfi bí ẹni pé òdòdó ọ̀hún ń rojọ́ fún un. Ọkùnrin tó wá kun pátákó ilé ìkàwé náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbàgbé agolo ọ̀dà lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́wàá ló ti ń ya òdòdó sára pátákó àwọn aránṣọ àti onídìrí, láìwo ọ̀kan rí. Nígbà tó ya ọ̀kan fún obìnrin náà, ìyẹn rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Táyà kẹ̀kẹ́ lẹ yà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ná. Ẹ kàn máa wò ó.”

Láti ọjọ́ náà, ọkùnrin náà kò pa ẹ̀kọ́ tí obìnrin náà ń kọ́ni níbẹ̀ ní Sátidé jẹ. Ó kọ́ pé pupa kan ò jọ pupa kejì. Ó kọ́ pé bí òdòdó bá rọ mọ́jú, èyí tó rọ náà ni kí èèyàn yà, kì í ṣe ti àná. Ó tún gbọ́ pé opó ni olùkọ́ òun, pé ó fi ọdún mẹ́fà ju òun lọ, ọkọ méjì ló sì ti sin. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò.

“‘Ẹ̀yin’ tó pọ̀ lẹ́nu rẹ yìí ń sọ mí di arúgbó,” obìnrin náà wí lọ́jọ́ kan. “Pè mí ní ìwọ.”

Ọkùnrin náà gbìyànjú, ‘ẹ̀yin’ ló tún jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ìyá ọkùnrin náà ni kò rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ pé ó fẹ́ fẹ́ opó náà. “Ọkùnrin méjì ló ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìwọ nìkan ni mo bí. Bí ẹ̀mí mi bá ṣì wà, má fẹ́ ẹ.”

Ọkùnrin náà rò pé inú yóò bí obìnrin náà tó bá gbọ́.

“Ìyá rẹ ò jẹ̀bi,” ló sọ. “Ẹ̀rù ń ba èmi fúnra mi.” Ó ní kó má wá mọ́.

Ọdún méjì kọjá. Ọkùnrin náà kò lọ síbẹ̀ mọ́, kò sì fẹ́ ẹlòmíràn. Ìgbà náà ni àrùn rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ gbé ìyá rẹ̀ dálẹ̀. Opó náà gbọ́, ó sì wá lọ́sàn-án láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é. Ìyá kọjú sí ògiri. Opó náà wẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, ó fi ṣíbí bọ́ ọ, ó sì lọ kí ọmọ tó tibi iṣẹ́ dé. Oṣù mẹ́rin ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan òjò lé ọkùnrin náà wálé. Ó bá ìyá rẹ̀ tó di etí aṣọ obìnrin náà mú.

“Ọmọ mi,” ìyá ń fi ahọ́n wúwo sọ fún un, “ta ni yóò máa tọ́jú ìwọ náà?” Ó yíjú, ó rí ọmọkùnrin rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì mi orí sí i pé kó wọlé.

Ọjọ́ kẹjọ ni ìyá kú.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n lọ fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó, àwọn méjì péré àti ẹlẹ́rìí. Nígbà tí onífọ́tò ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Ìyàwó rẹ̀ kò ní kó dákẹ́. Ó gbá a lọ́wọ́ mú.

“Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o,” ló sọ nígbà tí wọ́n jáde síta.

“Ó ń ba èmi náà,” ọkọ rẹ̀ dáhùn. “Jẹ́ ká máa lọ sílé.”