Lájídé Kọjá Lára Ìyá Rẹ̀

Ní Kabba, kò sẹ́ni tí kò mọ ọkọ̀ Lájídé. Ọkọ̀ spọ́ọ̀tì àtijọ́ ni, pupa fòò, imú rẹ̀ gùn, ó sún mọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ, ènìyàn méjì péré ló sì ń gbà. Bí Lájídé ṣe ń kẹ́ ẹ, ìyàwó ojú ọ̀nà kò rí irú rẹ̀.

Ọlábímtán, aládùúgbò rẹ̀, ń wa ọkọ̀ kékeré ìgbàlódé kan tí ìdí rẹ̀ gé kúrú, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè.

"Ta ló gbé agolo sàdíìnì sójú títì?" Lájídé a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Agolo tó ń gbé ènìyàn márùn-ún tòun tiṣu," Ọlábímtán a dáhùn. "Tìrẹ ńkọ́? Bó bá rí kòtò, á dọ̀bálẹ̀ kí i."

Lájídé kì í mutí, kì í jalè. Akọrin ni nínú ìjọ. Ó gbà pé kò sí gbólóhùn asọ̀ láàárín òun àti Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé ọ̀gá kan tó wá láti Àbújá, wọ́n ń bọ̀ láti ọ̀nà Odò-Àpé. Òjò ti ṣú. Lẹ́bàá ọ̀nà, ìyá arúgbó kan dúró ti agbọ̀n iṣu tuntun, ẹrẹ̀ oko bò ó dé orúnkún. Ó rí ọkọ̀ pupa, ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sókè.

Màmá Rachel ni, ìyá tó bí Lájídé lọ́mọ.

Àyè ò sí nínú ọkọ̀ lóòótọ́. Ìyẹn kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀.

"Ó jọ pé màmá yẹn mọ̀ yín o," ni àlejò wí.

"Èmi? N ò mọ̀ ọ́n rí." Lájídé sì tẹ ọkọ̀, ó sáré kọjá.

Òjò pa Màmá kí Ọlábímtán tó kọjá níbẹ̀, tó gbé e tòun tiṣu wálé.

"Okun o, ọmọ mi," ni Màmá fi kí Lájídé nílé, ó ń gbọ̀n. "Mo rí ọkọ̀ kan tó jọ tìrẹ, mo ń nawọ́ sí i. Ojú àgbà!"

Lára iṣu náà ló fi gúnyán fún un. Lájídé bu òkèlè kan, ó dá a padà sínú àwo. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó la ẹnu láti kọrin, ohùn kò jáde. "N ò mọ̀ ọ́n rí" nìkan ló ń gbọ́. Kò lè wo ojú ìyá rẹ̀ mọ́.

Ó gba ilé Ọlábímtán lọ. "Mo fẹ́ ta ọkọ̀ yẹn."

"Ó tún ti bàjẹ́?"

"Èmi ni mo bàjẹ́." Ó sì ka gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

"Mo ti mọ̀."

"Màmá ló sọ fún ọ?"

"Màmá ò sọ nǹkan kan. Ọkọ̀ pupa kan sáré kọjá mi lọ́jọ́ náà kí n tó bá Màmá nínú òjò. Irú ọkọ̀ yẹn mélòó ló wà ní Kabba?"

Lájídé fọwọ́ bojú. "Bí mo bá tà á, ṣé Ọlọ́run á dárí jì mí?"

"Ọ̀rẹ́ mi, ká ní tèmi lò ń wà, ọkàn tó sẹ́ ìyá rẹ náà ni yóò ṣì di ìdarí ọkọ̀ mú. Pétérù ní òun ò mọ Olúwa òun. Kí ló rí tà? Ẹkún ló sun, Jésù sì gbà á padà. Ọkàn tuntun lo nílò, Ó sì ti kú kí o lè rí i gbà."

Lájídé kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. "Olúwa, èmi ẹlẹ́ṣẹ̀ tó ń kọrin, ṣàánú mi."

Láti ibẹ̀, ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ tó ń bó ẹ̀gúsí. "Màmá, èmi ni. Mo rí yín. Mo ní n ò mọ̀ yín."

Ìyá gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Mo ń retí kí o wá sọ ọ́ ni. Dìde, ọmọ mi."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ta ni ìwọ sẹ́ kí ojú má bàa tì ọ́? Bóyá Olúwa fúnra Rẹ̀ ni o ń kọjá lára Rẹ̀ láti ọdún yìí wá. Ó rí ọ. Ó mọ̀ pé ìwọ ni. Síbẹ̀, kò tíì kọ̀ ọ́. Má sọ pé ó di ọ̀la. A kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn. Níbi tí o wà yẹn gan-an, kúnlẹ̀, kí o sì sọ ohun tí o ṣe fún Un.